Gbogbo ẹ̀rọ ilé wa ló ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ wọn ò rí ara wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tíṣà ìṣirò ni mí ní Òṣogbo, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì nílé. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó ń lo Windows 7 wà ní pálọ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo ìbéèrè ìdánwò mi wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ mi ń lo MacBook, ọmọ mi ọkùnrin ní láptọ́ọ̀pù Windows 11, èyí obìnrin tó wà ní yunifásítì sì ti fi Ubuntu sórí tirẹ̀. Pírińtà Wi-Fi kan ni gbogbo wa jọ ń lò. Tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà. Lóṣù tó kọjá, a ra róútà 4G tuntun, ọmọ mi sì fi wáyà so ó mọ́ ti àtijọ́ kí Wi-Fi lè dé gbogbo yàrá. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹ̀rọ ló ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Mac àti Windows 11 ò rí pírińtà mọ́, wọn ò sì lè ṣí fódà ìbéèrè mi. Ti Ubuntu ló yà mí lẹ́nu jù: bí ọmọ yìí bá jókòó ní pálọ̀, ó ń tẹ̀wé, bó bá wọ yàrá, kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́ta kì í gbé inú ilé kan, pé kí n pa gbogbo ohun tó wà lórí wọn rẹ́, kí n fi Windows kan náà sórí gbogbo wọn. Ẹlòmíràn ní kòkòrò ni. Nǹkan méjì mìíràn: fódà tí mo pè ní "Ọ̀sẹ̀ Kẹta" ti di méjì, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Àti pé láràárọ̀ tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń sọ pé gbogbo ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ò ní ààbò. Ọmọ mi á tẹ nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, á sì dára títí iná á tún fi lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi Windows sórí MacBook Dádì bá sì ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ní kó padà. Kì í ṣe kòkòrò. Ẹ̀yin fúnra yín ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè yín, níbi tí ẹ ti sọ pé Ubuntu ń tẹ̀wé ní pálọ̀ tí kò sì tẹ̀wé ní yàrá. Láptọ́ọ̀pù kan náà ni, pírińtà kan náà ni. Ohun tó yí padà ò ju ibi tó jókòó sí lọ, ìyẹn ni pé Wi-Fi tó gbà ti yí padà. Tó bá jẹ́ Ubuntu ló ń ṣe ségesège, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá orí àga pálọ̀ lòun wà tàbí orí bẹ́ẹ̀dì?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Iṣẹ́ róútà kọjá kó máa pín íntánẹ́ẹ̀tì. Baálé agboolé ni: ẹ̀rọ tó bá wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló ń fún un ní nọ́ḿbà tí àwọn yòókù á fi máa pè é, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ yín fa wáyà láti ara róútà tuntun, tó ki í bọ ihò WAN ti àtijọ́, ìyẹn ihò tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù, ó kọ́ agboolé kejì sínú ti àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti pírińtà wà nínú agboolé ti inú, nítorí Wi-Fi àtijọ́ ni wọ́n mọ̀. Mac àti Windows 11 ti gba Wi-Fi tuntun, wọ́n wà níta. Ẹni tó wà nínú lè jáde, á gba ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta kọjá, á sì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà níta, ògiri ló ń wò. Baálé inú ti kó gbogbo ará ilé rẹ̀ sẹ́yìn, àdírẹ́sì tirẹ̀ nìkan ló ń fi han ìta. Àti Mac àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kò sí èyí tí kò rí ọ̀nà dé ọjà. Ilé ara wọn ni wọn ò mọ̀. Ẹ má bínú sọ́mọ náà o. Bí ìwé inú páálí róútà ṣe sábà máa ń ní ká so ó náà ló ṣe so ó.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, ẹ wò ó. Lórí Windows méjèèjì, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá kọ ipconfig. Ìlà IPv4 Address ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà, Default Gateway sì ni baálé rẹ̀. Lórí Mac, ẹ wọ System Settings, Wi-Fi, Details, TCP/IP. Lórí Ubuntu, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ ip a, lẹ́yìn náà ip route. Pírińtà náà ní tirẹ̀. Ẹ wò ó níbi tí wọ́n kọ Network sí lójú rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kó tẹ ìwé nípa ara rẹ̀ jáde. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan.

Nọ́ḿbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ti Mac bá jẹ́ 192.168.8.23, tí ti pírińtà sì jẹ́ 192.168.1.5, agboolé méjì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ róútà 4G tí Huawei ṣe ló máa ń pín 192.168.8, àwọn mìíràn sábà máa ń pín 192.168.1 tàbí 192.168.0. Kí ó má yà yín lẹ́nu bí ilé aládùúgbò yín bá ní nọ́ḿbà kan náà. IPv4 ò ní ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 àdírẹ́sì lọ, kò lè kárí ayé, ni wọ́n ṣe ya àwọn kan sọ́tọ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1996 pé kí ẹnikẹ́ni máa lò wọ́n nínú ilé ara rẹ̀. Gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 wà lára wọn. Bí ẹ bá rí 169.254 lára ẹ̀rọ kan, ìyẹn ò rí baálé tó fún un ní nọ́ḿbà, ló bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Wáyà ni kí ẹ yẹ̀ wò tàbí páásìwọ́ọ̀dù Wi-Fi. Windows ò mọ̀ sí i.

Ìdánwò kan tún kù tó máa fi ògiri náà hàn yín kedere. Lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀, ẹ kọ ping, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ḿbà róútà tuntun, á dáhùn. Ẹ lọ sídìí Mac nínú yàrá, ẹ ping nọ́ḿbà pírińtà. Kò ní dáhùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló là. Àmọ́ ẹ má fi ping dán kọ̀ǹpútà Windows wò, nítorí firewall rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, sábà máa ń panu mọ́ bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti kú.

Mo mọ bí ó ṣe ń rí téèyàn ò bá kọ́kọ́ wo nọ́ḿbà. Sátidé kan wà tí mo lò tán nílé ẹ̀gbọ́n mi nítorí pírińtà. Mo yọ ètò pírińtà, mo tún un fi sí i, mo pa firewall, mo tún Windows gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ni ọmọ ọdún mọ́kànlá kan bi mí pé, "Bùọ̀dá, ṣé Wi-Fi àwọn ará òkè ni pírińtà yìí ń lò ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ayálégbé òkè ló fún wọn ní páásìwọ́ọ̀dù nígbà tí dátà tiwọn tán, kò sì sẹ́ni tó rántí yí pírińtà padà. Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í fọwọ́ kan Windows ẹnikẹ́ni kí n tó wo àdírẹ́sì.

Àtúnṣe rẹ̀, ẹ fi rán ọmọ yín. Òun ló mọ ògiri náà. Ohun tí a fẹ́ ni kí róútà tuntun nìkan jẹ́ baálé, kí ti àtijọ́ di ilẹ̀kùn lásán tí Wi-Fi ń gbà dé pálọ̀. Bí róútà àtijọ́ bá ní ibi tí wọ́n kọ Access Point sí nínú ètò rẹ̀, kó yan ìyẹn, ó ti parí. Bí kò bá ní, kó yọ wáyà tó so méjèèjì pọ̀ ná. Kó wá fi wáyà so kọ̀ǹpútà orí tábìlì mọ́ ti àtijọ́, kó wọ ojú-ewé rẹ̀, kó yí àdírẹ́sì róútà náà fúnra rẹ̀ padà sí 192.168.8.2 bó bá jẹ́ pé 192.168.8.1 ni ti tuntun. Á tan ara rẹ̀ padà. Kó tún wọlé pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun yẹn, kó fún Wi-Fi rẹ̀ ní orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti róútà tuntun, lẹ́yìn náà kó pa DHCP, ìyẹn iṣẹ́ pípín nọ́ḿbà. DHCP ni kó pa kẹ́yìn o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa á, bí róútà bá ti tan ara rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà ò ní rí nọ́ḿbà gbà mọ́, kò sì ní lè padà wọlé láìsí wàhálà. Ní ìparí, kó dá wáyà àárín méjèèjì padà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a padà sínú ihò WAN. Ọ̀kan nínú ihò LAN tó kù ni kó ki í bọ̀.

Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ tún wọn tàn, kí ẹ sì tún àwọn nọ́ḿbà wò. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wà ní agboolé kan.

Windows 11 lè wá bínú díẹ̀ sí i. Bó bá rí ńẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò mọ̀ rí, á kà á sí Public, bíi pé ibùdókọ̀ ló wà, á sì fara pamọ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹ wọ Settings, Network & internet, ẹ ṣí ohun ìní Wi-Fi náà, ẹ sọ ọ́ di Private. Windows 7 á bi yín fúnra rẹ̀; ẹ dáhùn pé Home. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pa firewall pátápátá, ẹ tún un tàn. Ibi kékeré yìí ni ohun tí ẹ ń wá wà.

Pírińtà á ṣeé rí lójú Mac àti Ubuntu láìpẹ́. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: ètò kan náà, CUPS, ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, orúkọ pírińtà ni wọ́n sì máa ń pè lórí ńẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kì í ṣe nọ́ḿbà rẹ̀. Windows ni wọ́n sábà máa ń fi nọ́ḿbà so pírińtà mọ́, bí nọ́ḿbà náà bá sì yí, á máa sọ pé Offline títí ayé. Nílé tí iná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, róútà lè gbàgbé ẹni tó fún ní nọ́ḿbà, kó sì pín in lọ́tọ̀ bí iná bá dé. Nítorí náà, ẹ wọ ojú-ewé róútà tuntun, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Address Reservation tàbí Static DHCP sí, ẹ fún pírińtà ní nọ́ḿbà tí kò ní yí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ká ní 192.168.8.50 àti 192.168.8.51. Ẹ má ṣe é fún fóònù. Láti Android 10 àti iOS 14, fóònù máa ń fi orúkọ ayédèrú pe ara rẹ̀ lórí Wi-Fi, bí orúkọ náà bá sì yí, ẹ ó kàn máa sáré lẹ́yìn òjìji ni.

Ó ṣeé ṣe kí fódà ìbéèrè yín ṣí báyìí láìjẹ́ pé ẹ tún ṣe nǹkan kan. Bí kò bá ṣí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní oríṣi mẹ́ta ò lè gbé pọ̀.

Èdè tí Windows fi ń pín fódà ń jẹ́ SMB. IBM ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1983. Ní 1992, Andrew Tridgell, tó ń kàwé ní Canberra ní ilẹ̀ Australia, tẹ́tí sí bí àwọn ẹ̀rọ kan ṣe ń fi irú èdè yẹn bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ó sì kọ ètò tó ń sọ ọ́. Ohun tó di Samba nìyẹn, òun ni Linux, ìyẹn ìdílé tí Ubuntu ti wá, fi ń bá Windows ṣe pọ̀. Apple náà ti fi SMB ṣe èdè àkọ́kọ́ fún pípín fódà lórí Mac láti 2013. Nítorí náà, èdè kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ pàápàá máa ń pe ẹ̀dà SMB kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka-èdè, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn, nítorí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn: bí ará Ìkálẹ̀ bá pàdé ará Ìgbómìnà, wọ́n á wá èyí tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́. Windows 7 gbọ́ títí dé 2.1, Windows 11 gbọ́ títí dé 3.1.1, wọ́n á pàdé ní 2.1.

Ìgbà tí wọ́n bá bi ara wọn pé "ta ni ọ́?" ni ìjà ń dé. Ẹ ò fi páásìwọ́ọ̀dù sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àbí? Ọ̀pọ̀ ilé ni kì í fi sí i. Windows á jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó síwájú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó gba orí ńẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé. Ìwọlé bí àlejò tí kò lórúkọ náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Windows 11 Pro, láti ẹ̀dà 24H2 ti 2024, ò gbà á mọ́ àyàfi tí ẹ bá fipá yí i. Àwọn mìíràn sì ń kọ PIN onínọ́ḿbà mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣí láptọ́ọ̀pù, wọ́n á ní ẹ̀rọ ń purọ́ pé páásìwọ́ọ̀dù ò tọ̀nà. PIN kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wọ Control Panel lórí Windows 7, ẹ dá àkáǹtì tuntun kan sílẹ̀, ẹ pè é ní ile, ẹ fún un ní páásìwọ́ọ̀dù gidi. Ẹ tẹ fódà náà pẹ̀lú apá ọ̀tún máàsì, Properties, Sharing, Share, kí ẹ fi ile kún un. Orúkọ tí ẹ fẹ́ kí ìta máa fi pe fódà náà kó jẹ́ kúkúrú, bíi ibeere. Lórí Windows 11, ẹ kọ \\192.168.8.51\ibeere sókè File Explorer. Bó bá béèrè orúkọ, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà pálọ̀, ìlà ìdà sẹ́yìn \, lẹ́yìn náà ile, kó má baà lọ mú orúkọ tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Lórí Mac, nínú Finder, Go, Connect to Server, ẹ kọ smb://192.168.8.51/ibeere. Ohun kan náà ni Ubuntu máa ń gbà nínú Files.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ kàn tan SMB1 padà, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ẹ má gbà. Ẹ̀ka-èdè àtijọ́ yẹn ni ihò tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní May 2017, tó fi dé ilé ìwòsàn Bìrìtìkó, Windows 7 ló sì bà jẹ́ jù. Ìparí ọdún yẹn ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò nínú Windows tuntun. Windows 7 fúnra rẹ̀, láti January 14, 2020 ni wọn ò ti tún un ṣe mọ́. Mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Ẹ máa fi tẹ ìbéèrè, ẹ máa fi tẹ̀wé, àmọ́ ẹ má fi wọ báńkì, kí ẹ sì da gbogbo ìbéèrè yẹn sórí dírááfù mìíràn lónìí, kí ọmọ yín tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ní ti Ọ̀sẹ̀ Kẹta tó di méjì, ọ̀rọ̀ tiwa Yorùbá gan-an nìyí. Lójú wa, ọ̀ jẹ́ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ọ tí wọ́n fi àmì ohùn lé lórí, ó lè jẹ́ ò tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ o lásán tí àmì méjì tẹ̀ lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá hàn lójú ẹ̀rọ, wọ́n jọra bí ìbejì. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi kọ ọ́ ló ń pinnu èyí tó jẹ́. Mac òde òní mọ̀ pé orúkọ kan náà ni wọ́n. Windows àti Ubuntu ò mọ̀, wọ́n á fi wọ́n ṣe fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣí méjèèjì, ẹ kó ohun inú wọn pọ̀, ẹ pe fódà náà ní Ose3. Ó dùn mí láti sọ ọ́, èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ jà nítorí àmì ohùn. Ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n orúkọ fódà tí ẹ̀rọ mẹ́rin jọ ń ṣí, ẹ jẹ́ kó wà ní lásán. Ẹ yẹra fún àmì ìbéèrè àti àmì : náà, Windows kì í gbà wọ́n nínú orúkọ.

Ó wá ku ti àárọ̀. Ibi tí ọmọ yín ń tẹ ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, aago ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ó rí bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí aago máa rìn bí iná ò bá sí. Tiyín ti kú. Bí iná bá lọ lóru, ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà á padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí tí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń gbé dání ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú ẹ̀rọ tó gbà pé ọdún 2009 la wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń ta bátìrì náà. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wo ojú tí bátìrì àtijọ́ kọ sókè kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí aago náà bá tún ṣìnà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé padà sí mi, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó ń padà sí.